Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ọkọ mi padà sí Borno

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Láti ìjẹta ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fura pé òun mọ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, kó má pè mí lórí fóònù. Ibí ni kó ti dá mi lóhùn.

Ṣọ́jà ni ọkọ mi. Arówómọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì ń gbé, ẹ̀lùbọ́ àti gààrí ni mo ń tà. Ó lé ní ọdún méjì tó ti wà ní Borno kí wọ́n tó fún un ní ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́. Inú mi dùn débi pé mo kun pálọ̀ dè é. Alẹ́ ọjọ́ tó dé gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí. Kò wọ yàrá. Ó gbé àga kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ di ìdájí, àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé àárẹ̀ ìrìnàjò ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe títí di òní. Bí oorun bá gbé e lọ, á máa kígbe orúkọ ọkùnrin kan tí n kò mọ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó ní kí n má bi òun mọ́ láéláé.

Kì í lọ sí ọjà, kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní èrò ti pọ̀ jù. Bí ọ̀kadà bá dún gbàù lójú títì, á ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àga. Paraga tó ń mu ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí n tó yíjú, bàbá rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti di ọrùn rẹ̀ mú mọ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pariwo orúkọ rẹ̀ kó tó gbọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó tú ọmọ sílẹ̀, ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé, ó bú sẹ́kún. Ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fẹ́ra, n kò rí ẹkún rẹ̀ rí. Ọmọ náà sì ti ń tọ̀ sí orí ibùsùn láti ọjọ́ yẹn.

Ìyá ọkọ mi ní ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan lábúlé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ òun, wọ́n á kọ wèrè sínú ìwé òun, owó oṣù á sì dá. Ṣé kí n jẹ́ kó padà lọ báyìí? Ta ni mo lè sọ fún tí kò ní ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́?

Ìyá Màsífà:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Inú irú ilé yìí ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ja ogun Biafra, abẹ́ Benjamin Adekunle ló wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní 1970 tí bàbá mi sì wálé, àdúgbò jáde pàdé rẹ̀ pẹ̀lú dùndún, wọ́n pa ewúrẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún béèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Títí ó fi kú, kò lè dúró níbi tí wọ́n bá ti ń sun ẹran. Màmá wa kàn fi ẹran sísun sílẹ̀ ni, kò bi í léèrè ìdí. Àwa ọmọ rò pé òǹrorò ni. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ìwọ ti la ẹnu, má pa á dé mọ́.

Nọ́ọ̀sì Sábó:
Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọkàn àti ọpọlọ wọn kò balẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìlá. N kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ẹni tí n kò rí, dókítà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n àlá yìí, fífò sókè, sísá fún èrò, àìsùn, wọ́n bá ohun tí wọ́n ń pè ní PTSD mu, ìyẹn àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ohun ẹ̀rù tójú ènìyàn ti rí, pàápàá bó bá ti lé ní oṣù kan. Kì í ṣe wèrè. Ara rẹ̀ ṣì ń ṣọ́nà bíi pé ojú ogun ló wà. Bí nǹkan bá dún, ọwọ́ rẹ̀ á ti jà kí ojú rẹ̀ tó mọ ẹni tó dì mú. Ìtọ́jú wà fún un. Ọ̀kan ni kó máa bá ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oògùn bíi sertraline náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń gbà kó tó ràn án lọ́wọ́, kí ẹ má dà á nù ní ọjọ́ kẹta pé kò jẹ́.

Ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ àdá yẹn lọ́sàn-án, nígbà tára rẹ̀ bá balẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ má yọ́ gbé e o. Bó bá ń kígbe lójú oorun, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró sí ọ̀ọ́kán, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ilé ló wà. Ẹ sì bi í gbangba bóyá ikú ń wá sí i lọ́kàn. Ìbéèrè yẹn kì í fi í sí ọkàn ẹni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ńlá LAUTECH níbí. Ọsibítù UCH wà ní Ìbàdàn, ọsibítù Àró tó wà fún àìsàn ọpọlọ sì wà ní Abẹ́òkúta.

Ọmọ Ọjà Jagun:
Kó àwọn ọmọ rẹ jáde lónìí. Ọwọ́ tó ti pa ènìyàn kò mọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yòókù lè dúró.

Ṣọ́jà Àná:
Kí àwọn ọmọ lọ sùn sọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn, mo fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pe ọwọ́ ọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tèmi náà nìyẹn.

Ìyàwó wa, ọdún mọ́kànlélógún ni mo lò nínú iṣẹ́ náà. Mo dé Borno nígbà tí wọ́n ń pe ogun tí à ń bá Boko Haram jà níbẹ̀ ní Lafiya Dole, kí wọ́n tó yí i sí Hadin Kai ní 2021. Mo mọ àwọn ṣọ́jà tó wà ní Metele, ibùdó wa kan ní Borno, nígbà tí àwọn ọ̀tá kọlu ibẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2018. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ tó ń kígbe jẹ́ ti ẹni tó kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má béèrè mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bi í pé ènìyàn mélòó ló pa.

Ẹ̀rù ìwé tó ń bà á kì í ṣe irọ́, ó bà mí rí. Nígbà tí mo sọ fún dókítà wa, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi fún oṣù méje, wọ́n ní kí n máa ka àpò ìrẹsì ní sítọ́ọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè bá àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ jẹun. Owó oṣù mi kò dá. Ohun tó lè gba iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó jókòó sílé kọjá ọjọ́ ìsinmi láìsí ìwé. AWOL nìyẹn, ẹjọ́ ni. Nítorí náà, ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì dá a dúró lásán. Bárékè Sóbi ní Ìlọrin kò jìnnà sí yín, dókítà ṣọ́jà wà níbẹ̀. Kí ọjọ́ tó pé ni kó lọ, kó sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, aláìsàn ni nínú ìwé wọn, kì í ṣe ẹni tó sá.

Alhaja Oníṣòwò:
Ti ìyá ọkọ rẹ, má bá a jà. Ọmọ rẹ̀ ni, òun náà kò sùn. Ní kó máa gbàdúrà, kó sì bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ dè é mọ́lẹ̀ tàbí nà án ni kí o má jẹ́ kí wọ́n mú un dé.

Tíṣà Aláàárọ̀:
Ọmọ ọdún mẹ́fà á rò pé ìdérí ìkòkò tó bọ́ lọ́wọ́ òun ló bí bàbá òun nínú. Kí bàbá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má lù ú nítorí ìtọ̀.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Àwọn ọmọ ti wà lọ́dọ̀ màmá mi láti ọjọ́ mẹ́ta. Lánàá, mo sọ fún un pé mo ti béèrè lọ́wọ́ yín. Mo rò pé yóò bínú. Mo ka ọ̀rọ̀ Ṣọ́jà Àná sí i létí. Ó dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, ó ní: “Oṣù méje ni wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún ibi ìrẹsì yẹn kà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àdá lọ fún lánlọ́ọ̀dù wa. Kò tíì sùn ní yàrá, kò sì tíì rí ọmọ. Ọ̀la ni a ń lọ sí Ìlọrin, ìyá rẹ̀ ní òun á bá wa lọ. Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́jà Àná, ó ní kí n bi yín: ṣé ìwé ìsinmi nìkan ni kí òun mú dání, àbí káàdì iṣẹ́ náà?

Ṣọ́jà Àná:
Kó mú méjèèjì. Kẹ́ ẹ tètè jáde láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀ ní gáréèjì. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀.