Ilé yàrá mẹ́ta ní Ìkòròdú, iṣẹ́ ní Ṣómólú

Bàbá Àyọ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Arákùnrin kan béèrè lánàá pé òun ti rí ilé yàrá mẹ́ta ní Ìkòròdú, owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára òun lọ, ṣùgbọ́n Yábàá ni òun ti ń ṣiṣẹ́, ṣé kí òun rà á? Mi ò lè fi gbólóhùn kan dá wọn lóhùn, torí irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Báríga la ń gbé nígbà náà, yàrá méjì, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta, ₦240,000 lọ́dún. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tí iná bá dé ní aago mọ́kànlá òru, tí oníbàárà sì ń retí ìwé ìpè ìgbéyàwó, màá dìde lọ tan ẹ̀rọ, tó bá fi máa di aago mẹ́ta mo ti padà sórí ibùsùn. Nígbà tí mo ń ṣírò owó ilé, mi ò ka ìyẹn mọ́ ohun tí mo ní rárá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ara ìyá mi ò yá ní Ìjẹ̀bú, kò sì sí ibi tí mo lè tẹ́ wọn sí.

Lọ́dún 2018, àjẹ́ńtì mú wa lọ wo ilé kan tí wọ́n kọ́ kù síbi òrùlé lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ₦3,200,000. Ní ti ìwé ilẹ̀, a ò ṣe àṣìṣe. Lọ́yà gba ìwé sọ́fè, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ilé tí a kọ́kọ́ rí bọ́ sínú rẹ̀, a fi sílẹ̀. Èyí mọ́. Mo wá rò pé bí ìwé bá ti mọ́, ó parí náà nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ wò ó, nínú mọ́tò àjẹ́ńtì. Láti Ọ̀jọ́ta dé ẹnu géètì, kò tó wákàtí kan. Ó ní wọ́n máa tó ṣe ọ̀nà àdúgbò náà, pé afárá kẹrin tó máa so Lẹ́kí pọ̀ mọ́ Ìkòròdú ń bọ̀ lọ́nà. Mo gbà á gbọ́, torí pé ó wù mí kí n gbà á gbọ́.

A kó wọlé ní 2019. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, aago márùn-ún ò tíì lù tí mo ti jáde. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í wọ àdúgbò wa tí òjò bá ti rọ̀, ni mo bá ká ṣòkòtò sókè, mo di bàtà sínú ọ̀rá, mo fi sílípáàsì wọ́ ẹrẹ̀ pupa dé títì. Ogójì ìṣẹ́jú ti lọ kí n tó rí ọ̀nà ọ̀dà. Ó wá ku ìlà BRT, bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò. Láti 2015 ni BRT ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Ìkòròdú dé Mile 12, tí ó bá sì ti gbéra, ó máa ń sáré. Títò ká tó wọ̀ ọ́ ló ń jẹ àkókò. Aago méje ti kọjá kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Onípanu. Ti ìrọ̀lẹ́ tún burú ju ìyẹn lọ: mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà, mo délé ní mẹ́sàn-án. Nínú oṣù kẹwàá, tí Odò Ògùn kún tí omi ya wọ Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè Mile 12, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo délé ní mọ́kànlá.

Ní ti owó, ₦700 ni mò ń wọ mọ́tò lójúmọ́ nígbà náà, àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ó di ₦2,400. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ kan, ₦14,400. Owó mọ́tò oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé oṣù mẹ́ta tí mò ń san ní Báríga.

Iná ò sì fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ṣọ́ọ̀bù, lórí páálí tí mo tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi já kàlẹ́ńdà wálẹ̀ lára ògiri, èyí tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀. Ó ti fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ tí n ò sùn sílé po. Mọ́kànlá ni, nínú oṣù kan. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Àyọ̀, ta la ra ilé yìí fún?"

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Yàrá wọn kọjú sí kànga. Wọ́n gbin ewédú, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, wọ́n ń sin adìyẹ, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń gbé wọn lọ sọ́jà Sábó. Àwọn ọmọ ní yàrá tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pé ká tètè jáde. Ta ni màá sọ fún pé kí wọ́n di ẹrù padà?

Yàrá iwájú ló gbà wá. Mo gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìgéwé wá síbẹ̀, mo ra sólà. Ilé ni mo ti ń to ìwé, ibẹ̀ la ti ń gé e tí a ń dì í, ìyàwó mi sì ti mọ̀ ọ́n dì jù mí lọ. Títẹ̀ nìkan ló kù ní Ṣómólú, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ká ní ọ́fíìsì ẹlòmíì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ bí mi ò bá ṣe ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Bàbá Àyọ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà. Mẹ̀rínà, ní Erékùṣù Èkó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní tèmi. Nígbà tí a ń wá ilé, mi ò béèrè bó ṣe jìnnà sí Èkó, bó ṣe jìnnà sí èbúté Ìpakòdò ni mo béèrè. Tí mo bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, tí mo so ẹ̀wù ìdáàbòbò mọ́ra, kò ju bí ìṣẹ́jú ogójì lọ tí màá fi dé. Owó rẹ̀ ju ti BRT lọ, mo sì ń san án. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọkọ̀ kì í rin ojú omi lálẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá dá mi dúró kọjá aago mẹ́fà, Mile 12 ni màá gbà bíi ti gbogbo yín, ibi tí mo ti kọ́kọ́ sunkún nínú mọ́tò láyé mi nìyẹn, torí àwọn ìbejì ṣì ń mu ọmú nígbà náà, ọmú ti kún, kò sí ohun tí mo lè ṣe.

Bàbá Tọ́lá, Kétu

Èmi ta tèmi. Ọmọ mi méjì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Yábàá, a ò fẹ́ yọ wọ́n torí ọdún ìdánwò ti sún mọ́lé. Aago mẹ́rin la ń jí wọn. Olùkọ́ ránṣẹ́ pè mí pé àkọ́bí mi ń sùn ní kíláàsì. Mo wo ojú ọmọ náà nínú mọ́tò lọ́jọ́ kejì, mo tà á. Kétu la wà báyìí, ilé àyágbé, ó há. Ilé yẹn ṣì máa ń wù mí.

Bàbá Àyọ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́

Bàbá Tọ́lá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ ò ṣe ohun tí mo lè dá yín lẹ́bi lé lórí.

Arákùnrin tó béèrè, ẹ má tíì sanwó. Ẹ wá sùn sọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àyè wà. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, a ó jọ rìn dé títì, a ó jọ tò, ẹ ó sì wo aago yín nígbà tí ẹ bá sọ̀ ní Yábàá. Ẹ mú sílípáàsì dání, òjò ti bẹ̀rẹ̀.