Mo ti ra wáyà ṣáájì náà o, ẹ ṣeun

Ẹ̀yin ará mi, mo padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo bèèrè irú wáyà tí mo lè máa fi ṣáájì Nissan Leaf mi, ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn, nílé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ọdún 2019 ni, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 40 kWh (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́), àpótí ṣáájì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri wa kò sì ní wáyà tirẹ̀.

Type 2 sí Type 2 (irú ẹnu tó bá ọkọ̀ náà àti àpótí náà mu), 32A (ìwọ̀n iná tó lè gbé), onífésì kan (tó ń gba ìlà iná kan ṣoṣo), tó gùn ní mítà 7.5 ni mo rà níkẹyìn. Onífésì mẹ́ta ni mo ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, mo rò pé yóò yára jù. Ẹ̀gbọ́n tó bi mí pé, "Fésì mélòó ló wọ ilé yín?" ló kó mi yọ. Ẹyọ kan ni! Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í gbà ju 6.6 kW (bí iná ṣe ń yára wọ inú rẹ̀ tó) lọ nílé. Owó ì bá ṣòfò, wáyà náà ì bá tún wúwo lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán ṣe é, 10A péré, ó ń gbà tó wákàtí 17 kó tó kún. Báyìí, bí mo bá ki í bọ̀ ọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kó tó kún.

Imú ọkọ̀ ni ihò ṣáájì rẹ̀ wà. Mítà 5 ì bá tó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ìyàwó mi máa ń fi wa ọkọ̀ náà wọlé, imú rẹ̀ á wá jìnnà sí àpótí. Mo sì máa ń tú wáyà náà ká pátápátá, torí èyí tó ká jọ a máa gbóná.

Ìbéèrè mi parí síbí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an ni.