Ìran àtẹ̀gùn mi ò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdíìtì fíìmù, ẹ gbà mí o. Obìnrin kan wà nílé lóun nìkan, ọkùnrin kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Mò ń gé fíìmù náà kó máa bọ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà, ṣọ́ọ̀tì (àwòrán kọ̀ọ̀kan láàárín ibi tí mo gé) sì ń kúrú sí i: sẹ́kọ́ǹdù 6, 4, 2. Síbẹ̀, àbúrò mi wò ó, ẹ̀pà ló ń jẹ lọ ní tirẹ̀! Ṣé kí n jẹ́ kí ojú obìnrin náà pẹ́ díẹ̀ sí i ni, àbí kí n yọ orin kúrò, kí ìró bàtà ti máa dún kí a tó rí ọkùnrin náà rárá? Mi ò lè tún un yà. Oṣèré náà ti padà sí Ìbàdàn.