Ṣé kí n pa aṣojú òǹkọ̀wé lẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà àkọ́kọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Mo ti parí ìtàn àròsọ apanilẹ́rìn-ín kan lédè Òyìnbó, nípa awakọ̀ kan ní Lágere tó ń du oyè. Mo fẹ́ kọ̀wé sí àwọn aṣojú òǹkọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń bá òǹkọ̀wé ta ìwé fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wéjáde, tí wọ́n sì sábà máa ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òǹkọ̀wé bá rí lórí rẹ̀.

Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà náà: orúkọ ìwé, irú ìtàn, iye ọ̀rọ̀, kókó ìtàn, ta ni mí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ gbẹ táútáú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ìwáṣẹ́ ni. Mo tún un kọ, mo fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ wọ́n mọ̀ mí (wọ́n sì ti jẹ ẹran mi!). Aṣojú tí kò mọ̀ mí rí, tí lẹ́tà kún iwájú rẹ̀ ńkọ́?

Mo wá ń rò ó pé kí ẹ̀rín wà nínú kókó ìtàn nìkan, kí ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ṣé ìyẹn tó láti fi hàn pé ìwé náà ń pani lẹ́rìn-ín?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.