Pickup tuntun nínú gìtá tòkúnbọ̀: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí etí wa gbọ́

Láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin onígìtá ẹgbẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn náwó lé pickup tuntun (ohun tó wà lábẹ́ okùn gìtá iná, tó ń gba ohùn okùn fún àmpù) fún gìtá olówó pọ́ọ́kú. Mo ti ṣe é, mo sì ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Bó ṣe lọ nìyí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń ta gìtá. Tòkúnbọ̀ ni mo rà, ó rí bíi Stratocaster, gìtá iná ilé iṣẹ́ Fender, pickup single coil (èyí tó ní kóìlì wáyà kan ṣoṣo) mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Nílé, ó dùn. Ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, iná lọ láàárín ìsìn, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ni gìtá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilé oyin. Nígbà tó kan àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo ìjọ ń gbọ́ hùùù láti inú àmpù mi. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé pickup yẹn á kúrò.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa. Kí n tó tú u, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: orin kan náà, àmpù kan náà, fọ́líọ̀mù kan náà, pickup kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi méjì wéra, ẹ jọ̀wọ́, kó ṣe èyí. Kí èèyàn tó jó lẹ́ẹ̀dì tán, etí ti gbàgbé bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń dún, owó tó ti jáde lápò á sì máa gbè sẹ́yìn tuntun.

Mo tú síkúrù 11 tó di ike iwájú mú. Lábẹ́ pickup kọ̀ọ̀kan, mo rí òòfà séráámíkì kan, dúdú, gbọọrọ. Irin mẹ́fà tó yọrí sábẹ́ okùn kì í ṣe òòfà, irin lásán ni, agbára òòfà ìsàlẹ̀ ló ń gba inú wọn jáde. Nínú èyí tí mo rà, alnico (àdàlù irin tí wọ́n fi ń ṣe òòfà) ni irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ òòfà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ pickup olówó pọ́ọ́kú ti yàtọ̀ sí èyí tó wọ́n díẹ̀. Ní ti wáyà, iṣẹ́ kan náà ni: wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n fi wé irin mẹ́fà náà ká ní ìgbà bí 7,600 sí 8,000. Okùn gìtá náà irin ni. Bó bá ti ń gbọ̀n lókè òòfà, iná tíntín á dìde nínú wáyà, àmpù á sì sọ ọ́ di ohùn. Wáyà yìí kan náà ló ń gbọ́ iná mànàmáná tó wà nítòsí, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkùn tí à ń sọ nìyẹn.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo wáyà pickup tuntun pọ̀, mo so gìtá mọ́ àmpù. Ìkùn ò dín rárá.

Bọ̀dá kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ló gbà mí. Wọn ò tilẹ̀ wo pickup. Wọ́n ní, "Fọwọ́ kan okùn yẹn." Mo fọwọ́ kàn án, ìkùn ò yí padà. Wọ́n ní gìtá tí áàtì rẹ̀ bá pé, ìkùn máa ń rọlẹ̀ tí ọwọ́ bá ti kan okùn. Wọ́n fi mítà wò ó láti ara irin tí okùn dì mọ́ títí dé ẹ̀yìn pọ́ọ̀tì tí a fi ń yí fọ́líọ̀mù. Kò sí ìsopọ̀. Wáyà áàtì ti já. Wáyà kékeré kan péré! Wọ́n jó o padà kíá, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo lẹ fọ́ìlì bàbà sí gbogbo inú ihò ara gìtá, mo so ó mọ́ áàtì. Kò dákẹ́ pátápátá, torí single coil kò lè ṣe kó má kùn, àmọ́ ìlù ti ń bò ó mọ́lẹ̀ báyìí.

Ká ní mo mọ̀ ni, nítorí ohùn nìkan ni mi ò bá fi ra pickup tuntun, nítorí ohùn yàtọ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí tí mo gbà sílẹ̀, ti àtijọ́ ń ké. Okùn tín-ín-rín dà bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí na ife tánganran. Alnico yìí ní ara, kì í gún etí níbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì ta á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń ta jùjú á mọ ìdí tí mo fi ń yọ̀. Gìtá méjì tàbí mẹ́ta ní láti máa dá ara wọn lóhùn, kí gángan sì ráyè sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Gìtá tó bá ń ké á kàn máa bá gángan jà ni. Mo fi mítà wọn bí wáyà àwọn méjèèjì ṣe ń dí iná lọ́nà tó: àtijọ́ 6.4 kilo-ohm, tuntun 5.9. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn nìkan pinnu fún yín lọ́jà, torí òun kọ́ ló sọ ìyàtọ̀ tí mo gbọ́.

Àṣìṣe kejì: nítorí pé tuntun kò pariwo tó ti àtijọ́, mo gbé e sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn. Ni okùn nípọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì lókè fírẹ́ẹ̀tì (irin tó dábùú ọrùn gìtá) 12, bí ohùn méjì tó ń jà nínú ìkòkò kan. Òòfà alnico ló ń fa okùn mọ́ra. Mo tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, mo wá sọ pickup kalẹ̀ títí àlàfo fi di bíi 2.4 mìlímítà lábẹ́ okùn nípọn, 2 lábẹ́ tín-ín-rín. Gìtá náà bá padà bọ̀ sípò.

Ìbùkún kan tí mi ò retí: wọ́n wé ti àárín lódìkejì, òòfà rẹ̀ sì dojú dé. Bí mo bá fi ṣuwíìṣì sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, pickup méjì á jọ ṣiṣẹ́, ìkùn ọ̀kan á sì pa ti èkejì. Ibẹ̀ ni mo máa ń wà báyìí tí wọ́n bá ti ní ká gbàdúrà.

Láti Ṣúrùlérè

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tèmi humbucker ni. Nítorí ìkùn yìí gan-an ni Seth Lover ṣe ṣe é ní ilé iṣẹ́ gìtá Gibson. 1955 ló kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, 1957 ló bọ́ sára gìtá. Kóìlì méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dojú ọ̀kan kọ òdì sí èkejì.

Ti ilé iṣẹ́ DiMarzio ni mo rà, mo wá fi àwòrán ìsowáyà ilé iṣẹ́ pickup mìíràn, Seymour Duncan, so ó, torí òun ló wà nínú fóònù mi. Mo rò pé àwọ̀ wáyà, àwọ̀ wáyà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀! Ti Duncan, dúdú ló ń gbé ohùn jáde, pupa àti funfun á so pọ̀. Ti DiMarzio, pupa ló ń gbé ohùn jáde, dúdú àti funfun á so pọ̀. Wáyà aláwọ̀ ewéko ni áàtì nínú méjèèjì, ohun tó sì jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe so ó, kóìlì kan dojú kọ èkejì, wọ́n ń pa ohùn ara wọn. Ohùn tó jáde tín-ín-rín bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú, ìkùn sì kún inú rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò pé pickup ti bàjẹ́, mo ti fẹ́ dá a padà. Ẹ máa wá àwòrán ẹni tó ṣe pickup yín kẹ́ ẹ tó tan irin ìjólẹ́ẹ̀dì.

Láti Peckham, London

Èmi ò pààrọ̀ pickup rárá. Single coil ni tèmi, ó sì ń ké bí ti ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ́kọ́lá. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, pọ́ọ̀tì 500k ni ẹni tó lo gìtá náà ṣáájú mi fi sí i. Humbucker ni wọ́n sábà máa ń fi ìyẹn sí, torí nọ́ńbà tó ga máa ń jẹ́ kí ohùn ké. Mo fi 250k sí i, iye rẹ̀ ò tó ti pickup rárá, ohùn sì rọ̀ débi pé mo pa owó yòókù mọ́.

Láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àbúrò mi, o ṣé. Mo ti tú tèmi wò lálẹ́ yìí: 250k ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà òòfà ni mo gbọ́ lóòótọ́. Pickup séráámíkì mẹ́ta yẹn ṣì wà nínú agolo lọ́dọ̀ mi, wọn ò bàjẹ́. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ní gìtá tí pickup rẹ̀ méjì ti kú. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé mítà dání, áàtì la máa kọ́kọ́ wò.