Báwo ni Big Finish ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ kó gbà mí

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń gbohùn eré sílẹ̀ ní yàrá mi n'Íbàdàn, eré àfetígbọ́ lásán, kò sí àwòrán. Ìtàn inú ìwé kan tí gbogbo wa kà nílé ẹ̀kọ́ girama la mú. A ti ṣe apá mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ onílé sì kópa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbọ́ pé àwọn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Big Finish, tí irú iṣẹ́ yìí ti ń bọ́ tipẹ́. Ṣé owó ni wọ́n kọ́kọ́ ní, àbí àṣẹ?

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, Peckham
Àbúrò, o tẹ̀ mí níbi tó ń yún mi. Bọ́ọ̀sì alẹ́ ni mo wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí kí n tó fẹ̀yìn tì, eré wọn ni mo sì máa ń gbọ́ nígbà ìsinmi, tí mo bá ti pa iná ọkọ̀. Ìyàwó mi gbà pé orí mi ti yí.

Wọn ò ní owó, wọn ò ní àṣẹ. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn Doctor Who, eré BBC nípa ọkùnrin kan, Dókítà, tó ń fi àpótí búlúù la ìgbà já, tó sì máa ń para dà kí òṣèré mìíràn lè gba ipò rẹ̀, ń gbohùn ìtàn tiwọn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Audio Visuals ni wọ́n pe ara wọn. Gary Russell wà níbẹ̀, Nicholas Briggs náà wà níbẹ̀, òun ló ń ṣe Dókítà. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀yin gan-an nìyẹn, ẹ yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò.

BBC pa eré náà tì ní 1989. Fíìmù kan ṣoṣo ló jáde ní 1996, Paul McGann ló ṣe Dókítà nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ni Jason Haigh-Ellery dá Big Finish sílẹ̀, Russell àti Briggs sì bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n tọrọ Doctor Who, wọn ò rí i gbà. Fetí sí ohun tí wọ́n ṣe o, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà. Obìnrin awalẹ̀pìtàn kan wà nínú àwọn ìwé ìtàn Doctor Who, Bernice Summerfield. Paul Cornell tó kọ ọ́ ló ni ín, BBC kọ́. Obìnrin yìí ni wọ́n mú. Lisa Bowerman fún un lóhùn, eré àkọ́kọ́ sì jáde ní 1998. Àwọn ará BBC gbọ́ ọ, wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn ọmọ yìí mọ́ níṣẹ́, wọ́n sì fún wọn ní àṣẹ Doctor Who. Nígbà tó fi di oṣù keje 1999, Dókítà mẹ́ta àtijọ́ ti wà nínú eré kan ṣoṣo: Peter Davison, Colin Baker, Sylvester McCoy. Láìpẹ́ sí i, tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóṣooṣù. Nígbà tí ọ̀wọ́ yẹn máa parí ní 2021, ó ti pé 275.

Ṣọlá Onímáìkì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tan ọmọ yìí. Orúkọ Doctor Who ló gbé wọn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá ra Bernice?

Nípa ariwo: oníkálukú òṣèré wọn ló máa ń wà nínú àpótí tirẹ̀ ní situdíò, gíláàsì ló là wọ́n láàárín, kí ohùn ẹnìkan má baà dà pọ̀ mọ́ ti èkejì. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n sábà máa ń fi gbohùn eré odidi kan. Nígbà kòrónà, inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nílé wọn làwọn kan wọ̀. Aṣọ ń gbé ariwo mì. Ìwọ náà wọ ìdí agbádá bàbá ẹ lọ.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, Peckham
Ṣọlá, òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ta? Nígbà tí BBC dá eré náà padà ní 2005, ohùn Dalek, àwọn ọ̀tá inú irin yẹn, Briggs ni wọ́n ní kó wá ṣe é. Briggs oníkásẹ́ẹ̀tì! David Tennant ti ṣe sójà Jámánì fún Big Finish ní 2001 kó tó di Dókítà. Ní 2013, kí McGann tó para dà nínú eré kékeré kan, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú eré àfetígbọ́ ló kà. Omijé bọ́ lójú mi nínú bọ́ọ̀sì òfìfo.

Àbúrò, ìwé tí ẹ mú yẹn, ẹ ti rí àwọn ọmọ òǹkọ̀wé?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Rárá, sà. A rò pé nígbà tí bàbá ti kú…

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, Peckham
Bàbá kú, àwọn ọmọ kò kú. Ẹ lọ kí wọn. Kó tó dìgbà náà, ta ni Bernice tiyín?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ìyàwó alápatà kan wà ní apá kejì, kò sí nínú ìwé, èmi ni mo dá a sílẹ̀ torí ọ̀rẹ́ mi obìnrin kò rí nǹkan kan ṣe. Òun ni gbogbo àdúgbò ń béèrè. Màá kọ eré tirẹ̀. Aago méjì òru ni onílé máa ń pa jẹnẹrétọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ ní méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.