Báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n sẹ́ńtà tó ń lọ sí draft NBA?

Okun o, ẹ̀yin ará. Kábbà ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ojú yín mọ́ draft dáadáa, ìyẹn bí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣa agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà àti lábẹ́ òfin FIBA (àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé) ní Yúróòpù, sẹ́ńtà, ìyẹn ẹni gíga tó ń ṣọ́ abẹ́ àwọ̀n, lè dúró gbagidi sábẹ́ àwọ̀n kó máa lé bọ́ọ̀lù dànù. NBA ò gbà bẹ́ẹ̀: bí kò bá sún mọ́ ẹni tó ń ṣọ́, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré ló ní níbẹ̀. Ṣé gbogbo bọ́ọ̀lù tó ń lé dànù yẹn ló yẹ ká kà kún iyì rẹ̀?

Gíga nìkan ò tó, ìyẹn dá mi lójú. Hasheem Thabeet ọmọ Tanzania ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, òun ni wọ́n mú ṣìkejì ní 2009, kò fìdí múlẹ̀. Nikola Jokić, sẹ́ńtà ará Serbia, ipò 41 ni wọ́n mú un ní 2014, ẹ wo ìràwọ̀ tó dà! Ẹsẹ̀ lèmi kọ́kọ́ ń wò: bí wọ́n bá fa sẹ́ńtà síta kó ṣọ́ ọmọ kékeré tó yára, ṣé ìbàdí rẹ̀ ń rọ̀, àbí ó kàn dúró gbọnrangandan?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mọ̀pà sọ pé eré tí sẹ́ńtà bá gbá ní Yúróòpù wúwo ju ti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ, torí àgbàlagbà ni wọ́n ń bá gbá níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí lẹ̀yin máa ń wò nínú fídíò kẹ́ ẹ tó gbà pé ẹnì kan tó tán?